Ta ló mọ ẹni tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ jó?

Tó bá ti di ọjọ́ 27, oṣù karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ àwọn ọmọdé, tàbí tí Kérésì bá ń kanlẹ̀kùn, ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí l'Ékòó. Ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde, ìrẹsì àti Indomie ò lóǹkà, fọ́tò lọ́tùn-ún, fọ́tò lósì. Ó wá di oṣù kejì ọdún, ọmọ ń wá ẹni tó máa kọ́ òun ní ìṣirò, kò sẹ́nì kankan mọ́.

Ìwé àlejò kan ló máa ń wà lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Ẹ kọ orúkọ, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù, ẹ kọjá. Bí ẹnì kan bá kọ orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀?

Ibí gan-an ló yẹ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ti wúlò. Ní LASU, l'Ọ́jọ̀ọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe project kí wọ́n tó jáde. Èyí tó pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á dì í, ọ̀gá á fún un ní máàkì, eruku á gba ìyókù. Bẹ́ẹ̀, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣàkóso àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ọmọdé kì í ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ̀rún ènìyàn: ta ni, iṣẹ́ wo ló mọ̀, ọjọ́ wo ló lè wá, ṣé ó wá lóòótọ́.

Slum2School, tí Otto Orondaam dá sílẹ̀ ní Mákòókò lọ́dún 2012, ẹ̀yìn àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ǹda ara wọn ló gùn dé ibi tó dé. Ọ̀gá kan ò lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sórí.

Ṣùgbọ́n ká ní ti pínpín iṣẹ́ nìkan ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Soham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹjọ ọdún 2002. Ian Huntley, tó ń tọ́jú ọgbà ilé-ìwé kan, pa ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún 10 ni àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, àṣé àwọn ọlọ́pàá Humberside ti gbọ́ ẹ̀sùn lóríṣiríṣi nípa bó ṣe ń bá àwọn ọmọdébìnrin ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀sùn náà ò dé etí àwọn tó gbà á síṣẹ́. Ìwádìí Bichard tó jáde lọ́dún 2004 bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀.

Nílẹ̀ yìí, NAPTIP ti ṣí ìwé orúkọ àwọn tó hùwà ìfipábánilòpọ̀ láti oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ètò táwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe ò gbọdọ̀ jẹ́ kí orúkọ kankan kọjá láìjẹ́ pé ẹnì kan ti yẹ ìwé yẹn wò. Kò tíì tó o, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn ni àwọn ẹbí ń parí sí pálọ̀, tí kì í dé kóòtù. Kí ètò náà bèèrè oníduùró méjì, kí màtírọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ pè wọ́n. Àti pé, òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ti ọdún 2023 ò fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ ọmọdé. Fọ́tò wọn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń há kiri WhatsApp.

Ó sì yani lẹ́nu pé LASUED, tí í ṣe Adéníran Ògúnsànyà kó tó di yunifásítì lọ́dún 2022, ojú ọ̀nà Bàdágìrì kan náà ló wà, l'Ọ́tọ̀-Ìjànikin. Àwọn wọ̀nyẹn ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, wọ́n mọ ọmọdé. Tí wọ́n bá jókòó ti àwọn ọlọ́kọ̀ǹpútà tó háyà yàrá l'Ókokomáíkò, wọ́n á sọ ìbéèrè tí ìwé LASU ò kọ́ wọn.

Ibi tí iṣẹ́ náà sábà máa ń kú sí ni pé àwọn tó ṣe é á gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n á lọ sin ilẹ̀ bàbá wọn, password á tẹ̀lé wọn lọ sí Sókótó. Kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n kọ́ ẹni méjì nínú ilé náà, kí ètò náà máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú, torí iná ò dájú, kí ọlọ́dẹ sì ní ìwé orúkọ ọ̀sẹ̀ yẹn lọ́wọ́. Ẹni tórúkọ rẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, kó gbé ìrẹsì rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́nu géètì.