Bí Wọ́n Bá Bu Ẹnu Àtẹ́ Lu Ìwé Ọkọ Rẹ

  Lẹ́tà pọ̀ lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ yìí. Àwọn kan ń bèèrè ọ̀rọ̀ orogún, àwọn kan ń bèèrè ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò fẹ́ lọ sí ilé kéú. Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé láti Èjìgbò tí irú rẹ̀ kò tí ì dé ọ̀dọ̀ mi rí. Ìyàwó olùkọ́ kan ni ó kọ ọ́. Ó fi ìwé tí ọkọ rẹ̀ kọ sínú àpò kan náà, ó sì gé ohun tí ìwé ìròyìn kan sọ nípa ìwé náà mọ́ ọn. Èmi yóò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ohun tí ó kọ nìyí:

"Ìyá wa, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Baálé mi kọ ìwé kékeré kan nípa àwọn ará Èjìgbò tí wọ́n lọ ṣòwò ní Àbíjàn, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé agbo ilé tí kò ní ènìyàn ní ọ̀hún kò wọ́pọ̀ ní ìlú wa. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Owó èsúsú tí mo kó ni a fi san owó ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀dà 500 ni a tẹ̀. Nǹkan bí 160 ni ó ti lọ.

"Ní oṣù tí ó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan sọ̀rọ̀ ìwé náà nínú ìwé ìròyìn. Ó ní baálé mi kò sọ ohunkóhun nípa àwọn obìnrin tí wọ́n lọ sí Àbíjàn. Ìyá wa, orí kẹrin ìwé náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni. Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó bí mi gan-an wà níbẹ̀! Ó ní ìwé náà tín-ín-rín jù. Ó ní ì bá sàn kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ó tún ní àmì ohùn kò sí lórí ọ̀rọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a kọ ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ní ojú ewé méjì.

"Láti ọjọ́ náà, baálé mi kì í jẹun dáadáa. Wọn kì í lọ sí ìpàdé mọ́, nítorí wọ́n rò pé gbogbo ènìyàn ni ó ń fi àwọn rẹ́rìn-ín. Ìwé 340 tí ó kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ní àwọn yóò dáná sun ún. Àbúrò wọn ní kí á lọ ká ọkùnrin náà mọ́ ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀tá ni. Kí ni kí n ṣe?"

Ọmọ mi, mo bá ọ kẹ́dùn. Ẹni tí kò kọ ìwé rí ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tó nǹkan. Kí ènìyàn fi ọdún mẹ́rin kọ́ ilé, kí ẹlòmíràn fi ọ̀sán kan ṣoṣo wó o, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìwé ọkọ rẹ tán, mo sì ti ka ohun tí ọkùnrin náà kọ. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ kò ní dùn mọ́ ọ nínú tán. Kí n tó sọ ọ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹnì kan, nítorí kì í ṣe orí ọkọ rẹ ni irú èyí ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1920 ni a bí Amos Tutùọlá ní Abẹ́òkúta. Ìwé tí ó kà kò pọ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, nígbà tí ó sì yá, ó di mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbọ́ ni ó fi kọ ìtàn rẹ̀. Ní 1952, ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwé náà jáde, wọ́n pè é ní The Palm-Wine Drinkard. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìwé náà bà yín lẹ́rù! Òótọ́ ni pé ìtàn ọ̀mùtí ni. Ọkùnrin kan wà tí kò mọ iṣẹ́ kankan ju ẹmu mímu lọ. Adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀mùtí náà sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ṣùgbọ́n ìyà tí ó jẹ ní ojú ọ̀nà pọ̀ ju ẹmu tí ó mu lọ.

Ní oṣù keje ọdún 1952 náà, akéwì kan tí à ń pè ní Dylan Thomas yin ìwé yìí gidigidi nínú ìwé ìròyìn Observer ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyìn náà tàn dé Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìyìn pàápàá lè ní àṣìṣe nínú. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó wọ̀nyí rò pé ńṣe ni ọkùnrin náà kàn ń sọ ohun tí ó bá wá sí i lẹ́nu bí ọmọdé. Wọn kò mọ̀ pé àlọ́ tí àwọn ìyá wa ń pa ní alẹ́ ni ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti pé ó mọ ohun tí ó ń fi wọ́n ṣe.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé, ó yí padà. Ní 1954, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn tí ń jẹ́ West Africa. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún. Wọ́n ní ìtàn tí gbogbo Yorùbá ti mọ̀ ni. Àwọn mìíràn ní ó jọ ti Fágúnwà, ẹni tí ó ti kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938. Wọ́n ní ìwé náà yóò jẹ́ kí òyìnbó máa fi ojú òmùgọ̀ wò wá. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kò yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ rò ó wò: àjèjì ń yìn ín, ará ilé ń bú u, kò sì sí èyí tí ó rí i bí ó ti rí gan-an.

Kí ni Tutùọlá ṣe? Kò fi ìjà lo ayé rẹ̀. Èyí tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn, ó mú un: ó lọ sí ilé ìwé alẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè gún sí i. Ó sì ń kọ ìwé lọ. Ìwé rẹ̀ kejì jáde ní 1954, ẹ̀kẹta ní 1955, ẹ̀kẹrin ní 1958, ẹ̀karùn-ún ní 1962. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, tí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ fi Òṣogbo tí kò jìnnà sí yín ṣe ibùjókòó, sọ ìwé àkọ́kọ́ náà di eré Yorùbá, ó pè é ní Ọ̀mùtí. Ní 1977, Chinua Achebe dúró ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó fi odindi ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìwé yìí: ẹni tí ó bá fi fàájì ṣe gbogbo ayé rẹ̀ láìṣiṣẹ́ yóò san gbèsè rẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá lórí ìwé náà kí ọjọ́ yẹn tó dé. Èmi kò ṣèlérí fún ọ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún ìwé ọkọ rẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí ó bá jẹ́ pé Tutùọlá ti dáná sun ún ní 1954, kò sí ohun tí Ògúnmọ́lá ì bá fi ṣeré.

Wàyí o, jẹ́ kí á bọ̀ sí ọ̀rọ̀ tìrẹ. Bí o bá fẹ́ se ẹ̀wà, o kì í da gbogbo rẹ̀ nù nítorí òkúta, o kì í sì í dà á sínú ìkòkò láìṣà á. Orí àtẹ ni o ń dà á sí. Da ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí sórí àtẹ, kí á jọ ṣà á.

Òkúta kọ́kọ́. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ obìnrin nínú ìwé náà. Irọ́ ni. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé ìwádìí ni ó ń ṣáájú ìdájọ́. Ọkùnrin náà kò wádìí, ó sì jẹ̀bi níbẹ̀. Kí ọkọ rẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí olóòtú ìwé ìròyìn náà. Kí ó má gùn ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wà ní orí kẹrin, kí ó dárúkọ ojú ewé, kí ó dúpẹ́, kí ó dákẹ́. Kí ó má bú ẹnikẹ́ni, kí ó má sì kọ èkejì. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó dára. Bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́, ó ti sọ tirẹ̀.

Ìyàngbò ni ó tẹ̀ lé e. Ó ní ìwé náà tín-ín-rín, ó ní ì bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó wù ú nìyẹn, kò sì sí ẹjọ́ nínú ohun tí ó wu ènìyàn. Àwọn ará Èjìgbò ni ọkọ rẹ kọ ọ́ fún. Bí ọmọ rẹ bá kà á sókè, ìyá rẹ yóò gbọ́ ọ. Fẹ́ ìyàngbò yẹn dànù.

Ẹ̀wà ni ó kù, ibẹ̀ ni ó sì ń ta ènìyàn jù. Ọmọ mi, mo ṣí ojú ewé méjèèjì. Òótọ́ ni, ọdún náà kò bára mu. Òótọ́ sì ni pé àmì ohùn kò sí. Ibì kan wà tí ọkọ rẹ kọ pé obìnrin kan dúró de "oko" rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ní Àbíjàn. Títí di òní, èmi kò mọ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ ni ó dúró dè tàbí ọkọ̀ rẹ̀, tàbí pé oko ni! Irọ́ kan tí ọkùnrin náà pa kò sọ òótọ́ méjì tí ó sọ di irọ́. Nítorí náà, má pè é ní ọ̀tá mọ́. Sọ fún àbúrò ọkọ rẹ pé kí ó jókòó sílé. Bí ẹ bá lọ ká ọkùnrin náà mọ́lé, ìjà yín ni ìlú yóò máa sọ, kì í ṣe ìwé yín.

Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí. Ẹ padà sí ilé ìtẹ̀wé, kí wọ́n tẹ ìwé pélébé kan fún yín, tí ọdún tí ó tọ́ àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó lè ṣini lọ́nà yóò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì wọn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn èèpo ìwé nínú gbogbo 340 náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí ń tẹ ìwé ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Ìyókù àmì ohùn yóò di ìgbà tí ẹ bá tún un tẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìwọ fúnra rẹ, gbé ìwé lọ sí àárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù yín. Lẹ́yìn àdúrà, kí ọmọ kan tí ohùn rẹ̀ já gaara ka orí kẹrin sókè. Àwọn tí wọ́n ti ná ọjà Àbíjàn rí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Kò sí èsì tí ó ju ìyẹn lọ.

Ní ti baálé rẹ, má sọ fún un pé kí ó má dá wọn lóhùn, nítorí ìyẹn kì í wo ọgbẹ́ sàn. Má sì jẹ́ kí ó máa ka ìwé ìròyìn yẹn láràárọ̀. Ká a, fi í pamọ́ fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, se oúnjẹ tí ó fẹ́ràn. Lẹ́yìn tí ó bá jẹun tán, gbé ìwé ìròyìn náà fún un pẹ̀lú pẹ́ńsù kan, kí ẹ jọ ṣà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé oníwèé wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kà á dé òpin kí ẹ tó dájọ́. Owó èsúsú ẹnì kan lè wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi, ẹ̀dà tí o fi ránṣẹ́, èmi kò ní dá a padà. Owó rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ka èmi náà mọ́ àwọn tí ó rà á. Ó dìgbà o.