Gẹ̀ẹ́sì àkọ́sórí ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Òbí tó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́ ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù mọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì já mọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Òkukù, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò yege nínú Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO kò lè wọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ọgbà náà wà. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àwọn òbí tó ń náwó lórí Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí tíṣà kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, kí àwọn ọmọ pa ohùn pọ̀ kà á, kí wọ́n sì há a sórí. “Look” ni kí ènìyàn wo nǹkan. “Look after” dé, ó di ìtọ́jú. “Look for” dé, ó di wíwá. “Look down on” tún dé, ó di fífojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni. Ọmọ tó ti há a sórí pé “give” ni fún, tí “up” sì ni òkè, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé “give up” ni kí ènìyàn juwọ́ sílẹ̀? Ohun tí Òyìnbó ń sọ sókè, ilẹ̀ ni Yorùbá ń jù ú sí.

Bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ kún ẹnu ọmọ náà láti ilé wá. Bó bá sọ pé “ó tàn mí jẹ”, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tí wọ́n jẹ. “Mo gbà ọ́ gbọ́” ní gbígbà nínú, ó ní gbígbọ́ nínú, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ ni. “Mí” àti “ọ́” sì bọ́ sáàárín, wọ́n la ọ̀rọ̀-ìṣe náà sí méjì, bí Òyìnbó ṣe ń sọ pé “switch it off”. Ọ̀rọ̀-ìṣe elélà ni àwọn onígírámà ń pè é. Méjèèjì kò rí bákan náà tán, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni apá kejì sábà máa ń jẹ́ nínú ti Yorùbá. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá gba ibẹ̀ wọlé yóò bá òye nílẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó mà ṣe o, èdè tí ì bá fi ṣàlàyé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá ń torí rẹ̀ gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ yòókù. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó ní àwọn agbègbè tó lò ó jù ni ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Èdè nìkan kọ́ ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi. Àìtó olùkọ́ àti àìsí ìwé wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kò tilẹ̀ dán òfin náà wò rí. Oògùn tí aláìsàn kò lò ni wọ́n ní kò jẹ́.

Òkukù fúnra rẹ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlú náà láàárín ọdún 1974 sí 1977, ó ń tẹ́tí sí oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin, ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ sì jáde ní 1991. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dé ìdí oríkì kò lè ti inú àkọ́sórí dé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò sì ti ibẹ̀ kú. Òun ló fi kọ ìwé náà.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, kí àwọn òbí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta béèrè ẹni tó ń kọ́ ọmọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìtàn mélòó ni àwọn ọmọ ń kà parí láàárín táàmù kan, àti ohun tí wọ́n ń fi owó ìtanràn Yorùbá rà.