Èéfín Tí Ń Fi Ọ̀nà Afẹ́fẹ́ Hàn

Ẹni tí ń fẹ́ ẹ̀wà ní Erúnmu a máa wo ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí, kí ìyàngbò má baà padà sínú igbá. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní yàrá tí a ti ń rọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú ìgò. Èéfín funfun ni wọ́n ń tú síbẹ̀, tí wọ́n ń ya fídíò rẹ̀, láti mọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń gbé ìdọ̀tí kúrò tàbí ó ń dá a padà sórí ìgò.

Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fẹ́ kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àjẹsára wa di ti abẹ́lé ní ọdún 2040. Èrò wa ni pé ògiri dídán kò tó ẹ̀rí. Fídíò náà ni kí àwọn aṣàyẹ̀wò kọ́kọ́ béèrè. Ìyá tí ó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ kò lè rí yàrá náà.