Okosuns kò sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì

Sí Olóòtú,

Òǹkọ̀wé yín tó ní ìgbà tí ọjà orin tutù ni Sonny Okosuns rántí Ọlọ́run kò wo ìtàn ọkùnrin náà dé ìdí. Ìlú Benin ni wọ́n ti bí i ní 1947, àmọ́ níbí ní Enugu ló ti kó ẹgbẹ́ Postmen jọ, kí ogun abẹ́lé tó bẹ́. Orin òyìnbó ni wọ́n ń kọ nígbà náà. Ta ló máa ro Ozziddi, orin ilẹ̀ Áfíríkà tó kọ lẹ́yìn náà, sí i!

Àwo rẹ̀ Fire in Soweto jáde ní 1977. Songs of Praise, àwo ìyìn rẹ̀, jáde ní 1994, ó sì tà wàràwàrà. Ṣé ọjà tó tutù nìyẹn?

Ajíhìnrere ló jẹ́ títí ó fi kú ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Karùn-ún 2008.

Òǹkàwé yín, Enugu