Ajá Tó Ń Gbọ́ Fèrè

 

Ó ṣe é ṣe kí ẹlòmíràn rí àkọlé tòní kí ó sì béèrè pé kí ni ti ajá nínú ìwé ìròyìn ìdílé Mùsùlùmí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Bí a bá ń rìn ládùúgbò wa lálẹ́, a ó gbọ́ gbígbó ajá láti ilé Alhaji gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbọ́ ọ láti ilé ẹlòmíràn. Olè kò mọ ẹlẹ́sìn yàtọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń sin ajá. Ohun tí a kì í jíròrò ni irú ayé tí ajá náà ń gbé lẹ́yìn tí a bá ti so ó mọ́lẹ̀ tán.

Èmi fúnra mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mẹ́rin gbáko ni ajá wa fi wà lórí ṣéènì lẹ́yìn ilé, lábẹ́ igi máńgòrò. Bingo ni àwọn ọmọ sọ ọ́, bí ẹni pé ajá ilẹ̀ yìí kò ní orúkọ mìíràn. Ṣéènì náà kò gùn ju mítà méjì lọ. À ń fún un ní oúnjẹ, à ń bu omi fún un, à ń gba abẹ́rẹ́ fún un lọ́dọọdún, mo sì gbà pé mo ti ṣe ẹ̀tọ́ rẹ̀ pé. Gbogbo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé ti di eruku, ó rí roboto, kò sí koríko kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjá, á fò sí i, ṣéènì á sì fà á lọ́rùn padà. Inú mi a máa dùn. Mo a máa sọ fún àwọn àlejò pé ajá mi rorò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ṣéènì náà já. Ọmọ aládùúgbò wa kan, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó kọ́kọ́ bá pàdé, ó sì bù ú jẹ ní itan. A fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ajá wa ti gba tirẹ̀. (Ẹ má ṣe fi àgbo dípò abẹ́rẹ́ yìí láé. Bí dìgbòlugi bá ti fi àmì hàn lára ènìyàn, agbára káká ni a fi ń rí ẹni tí í yè é.) Ara ọmọ náà yá, a dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ṣùgbọ́n n kò lè gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀.

Ìyá àwọn ọmọ ní kí a gbé ajá náà kúrò nílé. N kò dá a lẹ́bi. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó wo ọrùn rẹ̀ níbi tí irun ti re, ó wá wí pé, "Alhaji, ajá yín kò rorò o. Ayé ló sú u." Mo bi í bóyá kí n tú u sílẹ̀ kó máa rìn kiri ìgboro ni. Ó ní rárá, pé ìyẹn burú ju ṣéènì lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibẹ̀ ni ìbéèrè náà ti mú mi. Ṣé dandan ni kí ajá máa sáré láìsí okùn lọ́rùn kí ayé tó dùn mọ́ ọn?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, àwọn tó ń sin ajá a máa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àwọn kan gbà pé ajá tí kì í sáré lọ́fẹ̀ẹ́ nínú pápá dà bí ẹlẹ́wọ̀n. Àwọn mìíràn ní ajá tí olówó rẹ̀ ń fi okùn mú rìn dáadáa kò ṣe aláìní ohunkóhun. Òfin wọn pàápàá kò fi ààyè sílẹ̀ gbọrọ: láti ọdún 1953 ni òfin ti wà tó ń mú ẹni tí ajá rẹ̀ bá ń lé àgùntàn kiri nínú oko. Òfin ọdún 2000 sì tún wá, tó ní kí okùn ajá má gùn ju mítà méjì lọ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta sí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Keje, lórí ilẹ̀ gbangba tí òfin náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rìn. Àwọn ẹyẹ tó ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ lásìkò náà wà lára àwọn tí wọ́n ń dáàbò bò.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a wo bí Ọlọ́hun ti ṣẹ̀dá ajá. Ojú la fi ń mọ ayé, ṣùgbọ́n imú ni ajá fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn ohun tíntìntín tó ń gba òórùn nínú imú ènìyàn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 5 sí 6. Ti ajá ju 100 mílíọ̀nù lọ. Bí ajá bá tẹ orí mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà tí kò fẹ́ kúrò, ìròyìn ló ń kà: ta ló kọjá, ìgbà wo, akọ ni tàbí abo. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ méjì, Charlotte Duranton àti Alexandra Horowitz, gbé ìwádìí kan jáde lórí 20 ajá. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ní kí àwọn kan máa fi imú wá oúnjẹ tí a fi pamọ́, kí àwọn yòókù sì máa rìn gẹ́gẹ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ olówó wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé abọ́ sí ibi tí ajá kò ti lè mọ̀ dájú bóyá oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń lo imú ni wọ́n tètè sáré lọ wò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí ẹni tó ní ìrètí rere. Ti àwọn yòókù kò yí padà. Kì í ṣe eré sísá ló fa ìyàtọ̀ náà. Ààyè láti lo imú, kí ajá sì yan ọ̀nà tí yóò tọ̀, ni. Okùn gígùn kò sì dí ìyẹn lọ́wọ́, bí ẹni tó mú un kò bá kánjú.

Èmi kò ní sọ pé eré sísá kò ní iṣẹ́ tirẹ̀ o. Ajá kan wà tí wọ́n ń pè ní greyhound tó lè sá nǹkan bí kìlómítà 70 ní wákàtí kan. Ta ni yóò mú okùn irú rẹ̀ sáré? Ajá tó jẹ́ ọ̀dọ́ náà nílò pápá. Ṣùgbọ́n èyí tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, bí a bá lé e sáré nínú oòrùn wa yìí, ó lè kú, nítorí mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara rẹ̀, imú kúkúrú kì í sì í jẹ́ kó mí dáadáa. Nítorí náà, àìsí okùn kọ́ ni ẹ̀tọ́ ajá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ìjáde lójoojúmọ́: kó na ẹsẹ̀, kó lo imú, kó wà pẹ̀lú ẹni tó ni ín.

Ẹlòmíràn á ní, "Èmi a máa tú tèmi nínú ọgbà lálẹ́." Ó sàn ju ti ẹni tí kì í tú u rárá. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: bí wọ́n bá ti ènìyàn mọ́ ilé kan náà fún ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n ní kó máa rìn káàkiri pálọ̀ lóru, ṣé a ó ní ó ti jáde? Ògiri kan náà, òórùn kan náà.

Àwọn ìlú kan ti fi òfin de èyí. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 kò gbà kí a so ajá mọ́ igi tàbí òpó ju wákàtí mẹ́ta lọ nínú ọjọ́ kan, àyàfi fún àwọn ìdí kéréje tó là sílẹ̀. Jámánì tún ìlànà tirẹ̀ ṣe ní ọdún 2021, pé kí ajá máa rí ìjáde tó pọ̀ tó sí ìta gbangba.

Àwa náà kò ṣaláìní ìlànà. A mọ̀ pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ pé làádá ẹni tó bá ń sin ajá láìnídìí yóò máa dín lójoojúmọ́, àfi ajá ọdẹ, ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn àti ajá oko. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ṣíṣọ́ ilé kún un. Iṣẹ́ ni ó sọ ajá di ohun tí a lè sin. Ẹni tó bá sì gba òṣìṣẹ́, ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ńkọ́? Hádíìsì obìnrin tó ti ológbò mọ́lé kò ṣàjèjì sí wa: kò fún un ní oúnjẹ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá tirẹ̀, ó sì ti ara bẹ́ẹ̀ di ẹni iná. Èmi ń fún ajá tèmi ní oúnjẹ, nítorí náà n kò lè ní ọ̀rọ̀ náà bá mi wí tán pátápátá. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí n sùn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìdáhùn ìbéèrè wa wà lẹ́nu àwọn baba wa tipẹ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. A sábà máa ń pa òwe náà fún ọmọ aláìgbọràn, a kì í ro ti ajá inú rẹ̀. Ajá ọdẹ kì í ní okùn lọ́rùn nínú igbó, fèrè ni okùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ òfin ẹ̀sìn náà, nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé ajá ọdẹ tí Al-Qur'ān Alápọ̀n-ọ́nlé gbà láàyè nínú Súrà Al-Mā'idah, ní ajá tí a kọ́ ni èyí tó máa lọ bí a bá rán an, tó sì máa dúró bí a bá dá a dúró. Ẹni tí kò bá tíì kọ́ ajá rẹ̀ ní fèrè, okùn ni kó fi mú un. Àwọn aládùúgbò ń bẹ̀rù ajá, ẹni tó ń lọ sí mọ́sáláásí ní ìdájí kò sì fẹ́ kí ajá wá máa fi imú kàn án láṣọ.

Ní ti aṣọ, ọ̀pọ̀ yín yóò béèrè nípa itọ́ rẹ̀. Lójú mádíhàbù Málíkì tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé, ara ajá alààyè kì í ṣe ẹ̀gbin. Àwọn mádíhàbù kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ya aṣọ kan sọ́tọ̀ tí mo ń wọ̀ mú un jáde, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ìyá àwọn ọmọ fún mi ní oṣù mẹ́ta. Mo ra okùn mítà mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìrun Àsùbá, mo máa ń mú Bingo lọ sí ẹ̀bá pápá ilé ìwé tó wà nítòsí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kàn ń rìn yípo yípo, bí ẹni pé ṣéènì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ má bi mí bí ó ti rí lára mi. Mo ra fèrè, mo ń ge ẹran wẹ́wẹ́ sápò: mo fọn ún, ó wá, mo fún un. Ó tó oṣù méjì kó tó mọ̀ ọ́n dájú. Nísinsìnyí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday tí kò sí ẹnìkan nínú pápá náà, ọ̀gá ilé ìwé gbà wá láàyè, mo máa ń ti géètì, mo sì máa ń tú u sílẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ó máa ń sáré lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn èyí ni ó máa tẹ imú mọ́lẹ̀ tí kò ní gbé e sókè mọ́.

Ó ṣì ń gbó lálẹ́, olè kò sì rí ọ̀nà wọlé. Ọmọ aládùúgbò wa kò tíì súnmọ́ ọn, n kò sì ní fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n ní Sunday tó kọjá, ó dúró lẹ́yìn géètì pápá náà, ó di irin mú, ó ní, "Bàbá, ẹ fọn fèrè yẹn kí n wò ó." Mo fọn ún.