Ẹ Má Fi Ojú Àwo Dígí Wo Àwọn Baba Wa

A kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ kan tí ó ti di àṣà láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́: pé fótò kì í purọ́. Wọn a mú àwòrán ayé àwọn baba ńlá wa, èyí tí àwọn ará Faransé yà, wọn a ní irú aṣọ báyìí ni wọ́n wọ̀, ojú wọn le, wọn kò mọ ẹ̀rín. Ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀? Àwo dígí ni.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹlẹ́rìí náà wò. Ní 1851 ni Frederick Scott Archer, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ọgbọ́n rẹ̀ jáde, kò sì fi òfin dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti lò ó. Òwú tí a ti fi ásíìdì pa lára dà ni wọ́n ń yọ́ sínú ether àti ọtí líle, títí yóò fi di oje. Òun ni collodion. Wọn a dà á sórí dígí, wọn a rì í sínú omi fàdákà nínú òkùnkùn, wọn a sì ya àwòrán kí ó tó gbẹ. Ẹni tí wọ́n ń yà kò gbọdọ̀ mira. Wọn a tilẹ̀ fi irin gbé orí rẹ̀ ró lẹ́yìn. Ta ni yóò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀? Àwọn ará Paris pàápàá le ojú nínú àwòrán tiwọn, a kò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní òǹrorò.

Ti àwọ̀ ni ó burú jù. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ni àwo yẹn mọ̀. Kò mọ pupa rárá. Ohun pupa a dúdú bí èédú, búlúù a ṣì ju bí ó ti yẹ lọ, ojú ọ̀run a funfun láìní ìkùukùu kan. Ẹ wá ro èyí mọ́ aṣọ tí a fi ẹ̀lú pa láró, mọ́ osùn, mọ́ iyùn ọrùn ọba, mọ́ awọ ara wa tí ó ní pupa nínú. Àwo gbígbẹ tí Richard Leach Maddox mú wá ní 1871 mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n kò la ojú rẹ̀ sí pupa. Ní 1873, ní Berlin, Hermann Vogel rí i pé aró lè mú kí àwo mọ àwọ̀ mìíràn. Síbẹ̀ irú ti tẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò títí ọ̀rúndún náà fi ń parí lọ.

Àwọn kan yóò ní a fẹ́ kí wọ́n da àwòrán wọ̀nyí nù. Rárá o! Kí wọ́n wà ní ìpamọ́. Ohun tí a kọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti inú fótò ka àwọ̀ aṣọ ìyá ńlá rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tí ó mọ iṣẹ́ aró ṣì wà láàyè ní Kétu àti ní Àjàṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò lọ bi wọ́n.