Ooru, Ọ̀rinrin àti Àlàfo Abẹ́ Ilé

Kì í ṣe gbogbo ohun tí Yorùbá ń pè ní ooru ni ó gbóná. Bí oòrùn bá mú, wọn a ní ooru ń mú. Bí ìkòkò bá ń hó, ooru náà ni wọ́n ń pe ohun tí ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nínú ilé ìdáná, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí méjèèjì jọ ń rìn ni. Nínú ìmọ̀ ilé kíkọ́, ó lè ba ilé jẹ́.

Àpẹẹrẹ kan ni àwọn ilé onípákó àtijọ́ ní ìlú Seattle, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó lórí erùpẹ̀: ìpìlẹ̀ kúkurú ni ó gbé wọn sókè, àlàfo kan sì wà lábẹ́ wọn tí ènìyàn kò lè wọ̀ àfi kí ó fàyà fà. Òjò ibẹ̀ kò tó ti Èkó rárá. Nǹkan bí mìlímítà 1000 ni lọ́dún. Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń rọ̀, wínníwínní, nígbà tí oòrùn kò lágbára láti mú ohunkóhun gbẹ. Erùpẹ̀ abẹ́ ilé a máa tú omi tí ojú kò rí sínú afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru. Kò hó, kò sì gbóná. Bí afẹ́fẹ́ náà bá kan pákó tútù, ìrì a sẹ̀ sí i lára. Pákó tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ nígbà gbígbẹ kì í jẹrà. Èyí tí ó bá rin jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, àwọn ẹbí olú a wọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn tí àwọn kọ́lékọ́lé bá ti darí omi òrùlé jìnnà sí ìpìlẹ̀, ohun méjì ni wọ́n ń lò. Ọ̀rá tí ó nípọn tó mìlímítà 0.15 ni wọ́n ń tẹ́ sórí erùpẹ̀. Òwú tí a fi dígí ṣe ni wọ́n ń kì sáàárín igi tí ó gbé pákó ró, kí ìgbóná inú ilé má baà sá lọ. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú òwú ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Bí omi bá gba ipò rẹ̀, òwú a wúwo, a já bọ́. Bí olùtumọ̀ bá wá pe ọ̀rá àti òwú ní “ìdènà ooru”, òǹkàwé lè kan ọ̀rá mọ́ abẹ́ òwú. Ọ̀rinrin tí ó ń ti inú ilé bọ̀ yóò há síbẹ̀, yóò di ìrì, igi yóò sì máa mumi.

Ó tọ́ kí “ooru” jẹ́ ti ìgbóná nìkan nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, kí omi inú afẹ́fẹ́ sì máa jẹ́ “ọ̀rinrin afẹ́fẹ́”. Òwú yóò jẹ́ “adá-ooru-dúró”, ọ̀rá yóò jẹ́ “adènà ọ̀rinrin”. “Ooru omi” lè wà fún ti ìkòkò, nítorí ìyẹn gbóná ní tòótọ́. Ní ti “ìrì sísẹ̀”, kò sí ìdí láti dá ọ̀rọ̀ mìíràn. Àgbẹ̀ tí ó ń lọ sóko ní ìdájí mọ̀ ọ́n.

Ó ku orúkọ àyè náà fúnra rẹ̀. “Abẹ́ ilẹ̀” kò dára, torí pé ilẹ̀ ni erùpẹ̀, ilẹ̀ náà sì ni ibi tí à ń tẹ̀ nínú yàrá. “Àlàfo abẹ́ ilé” sàn jù. Àwọn Ìlàjẹ tí ń kọ́lé sórí òpó lójú omi ní abẹ́ ilé, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá fàlàlà. Ògiri ìpìlẹ̀ tí ó yí ti Seattle ká ni ó sọ ọ́ di àlàfo.